Ewé Ìyeyè ní Etí Ìró

Ẹ sún mọ́bí, ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ìwọ tó ń wá ibi tí wàá ki ṣájà bọ̀, jókòó jẹ́ẹ́, iná ò ní í dé báyìí. Ẹ̀yin ìyá tó ń jọ̀ èlùbọ́, ẹ gbé kọ̀nkọ̀sọ̀ sílẹ̀, èlùbọ́ ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u tán nísinsìnyí. Torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání yìí, ẹni tó bá fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ọ, aláìṣẹ̀ ló máa bá wọn dáná sun. Ẹ má sì rò pé mò ń bù mọ́ ọn o. Àwọn ará Abà Alágbẹ̀dẹ ti ra pẹtiróòlù.

Orí ló fọ́. Dókítà Bámiṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wá ohun tó lè dáàbò bo ọpọlọ ọmọ aráyé, òun gan-an ni wọ́n fi ọmọ odó fọ́ lágbárí láàárọ̀ kùtù, nínú ahéré tó ti ń ṣiṣẹ́ ewé lẹ́yìn abà, lójú ọ̀nà Èrúwà sí Lánlátẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó ta sára ewé ìyeyè tí wọ́n sá síbòji. Ó ta dé ara kéèjì tí àwọn eku funfun ti ń sáré yíká bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára.

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Sàrátù dé lórí ọ̀kadà, ẹ̀mí ti bọ́. Inspẹ́kítọ̀ Sàrátù yìí, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Láti Èrúwà títí dé Tápà, Màmá Àkíbù ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn olè tó ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ sí lọ́wọ́. "Màmá Àkíbù, ẹ rọra dì í, ó ń ta mí." Báyẹn ni.

Ó yọjú sínú ahéré, ó wo òkú, ó wo ògiri, ó wo ọmọ odó tó wà nílẹ̀ tí irun lẹ̀ mọ́ lórí. Ó yà á lẹ́nu pé kò sẹ́nì kankan nítòsí òkú. Ìgbà tó gbọ́ ariwo níta ló mọ ìdí ẹ̀. Wọ́n ti fi òkú kan sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ìkejì.

Abẹ́ igi ìyeyè ni wọ́n wọ́ ìyá arúgbó kan lọ. Ẹni tó mú pákó ń fi pákó gbá a. Ẹni tí kò rí pákó bọ́ bàtà. Ọmọkùnrin kan ń yí táyà bọ̀ látọ̀nà títì, ó ń yí i tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó ń lọ ibi eré.

"Àjẹ́! Àjẹ́ ni! Ẹ má jẹ́ kó dìde!"

Sàrátù yọ ìbọn, ó dójú ẹ̀ kọ òkè. Gbàù! Ewé ìyeyè wọ́ sílẹ̀ lé gbogbo wọn lórí.

"Ẹni tó bá tún gbé ọwọ́ sókè," ó ní, "ọwọ́ ọ̀hún ò ní í mọ ọ̀nà ẹnu mọ́."

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò dá a lóhùn. "Màmá Àkíbù, ẹ má dá sí i! A bá a lórí òkú, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún gbé ọmọ odó dání!"

"Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ẹ, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé ó pa ìyá ẹ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kò sì sí ohun tó ń tú ìjà ká bí ẹ̀rín. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni Sàrátù àti Kọ́ńsítébù Àbdùlàhí fi wọ́ ìyá náà jáde láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ, ẹnì kan láti ẹ̀yìn na pákó, gbì! ó bà á ní ẹ̀gbẹ́ ìhà. Sàrátù gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ìyá náà ò ké.

Inspẹ́kítọ̀ wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ń dà láti ètè tó fi eyín há mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti nà rí, ẹ bá mi dá sí i: ẹni tí wọ́n bá ń lù, ibo ló ń fọwọ́ bò? Orí ni. Ìyá yìí fi orí sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí ìró rẹ̀ mú.

* * *

Ìyá Ìsmáílà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń já ewé fún dókítà. Wọ́n gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tó wà lójú títì, wọ́n tì í mọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, gbogbo abà ti dé ẹnu géètì. Àdá, kùmọ̀, táyà, gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù. Wọ́n ti wó igi dí ọ̀nà Èrúwà. Sàrátù fóònù sí ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú "à ń bọ̀" bẹ́ẹ̀.

"Màmá," Àbdùlàhí ní, "géètì wa yìí, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń fi orí tì í ṣí."

"Mo mọ̀."

"Tí wọ́n bá wọlé, wọ́n máa sun ìyá yẹn láàyè. Tí a bá sì dúró níwájú..."

"Mo ní mo mọ̀, Àbdùlàhí. Wá Babáfẹ́mi fún mi. Òun ló kọ́kọ́ ké gbàjarè."

Babáfẹ́mi ni igbá kejì dókítà. Ọmọ tó dá ṣáká, irùngbọ̀n gígé, kóòtù funfun ní ọrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ti sunkún. Kóòtù rẹ̀ tutù láti èjìká dé ìsàlẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" Sàrátù bi í. "Sọ ọ́ bí ìyá ẹ á ṣe gbọ́ ọ."

"Ma, nǹkan kan wà tí a máa ń gún lábẹ́rẹ́ fún eku, ọpọlọ ẹ̀ á wú. Bí àìsàn ibà orí ṣe máa ń ṣe èèyàn náà nìyẹn. Ara á gbóná, ọpọlọ á wú, eku á máa pòòyì, kò ní í mọ ibi tí oúnjẹ ẹ̀ wà mọ́. Àmọ́ àwọn tí a bá ti kọ́kọ́ fún lómi ewé ìyeyè, tiwọn kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣì mọ̀nà."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Ah, rárá o. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Eku nìkan ni."

"Ó dáa. Kí lo rí láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ma. Mo gbọ́ ni. Mo wà lẹ́yìn ahéré, mò ń fọ ike. Mo wá ń gbọ́ ohùn ìyá yẹn, ó ń pariwo mọ́ dókítà."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní, 'O ti fi ewé mi di gbajúmọ̀, ìwọ ọmọ yìí, èmi ni màá sì pa ọ́ lónìí!' Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì, gbì, gbì."

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ohùn ẹ̀ ni?"

"Màmá Àkíbù! Ojoojúmọ́ layé ni mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ fi fò."

"Ìwọ, o ò wá wọlé lọ gba ọ̀gá ẹ sílẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí."

Sàrátù wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "O ga tó òpó iná, ẹ̀rù ìyá arúgbó bà ọ́."

"Àjẹ́ ò ní arúgbó, ma."

Òkò kan balẹ̀ sórí páànù, gbàgà! Babáfẹ́mi ò gbọ̀n. Lójú tiẹ̀, orin àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló ń gbọ́.

* * *

Kí Sàrátù tó jókòó, Àbdùlàhí ti ti ẹlòmíì wọlé. Ọlọ́kadà ni, Búrẹ́mọ̀ lorúkọ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣèṣè gbẹ sí gbogbo àyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Màmá, mo ti mú apààyàn!" Àbdùlàhí ń mí hẹlẹ. "Lẹ́bàá ahéré ni mo ti rí i tó ń sá!"

"Èmi kẹ̀!" Búrẹ́mọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo rí èrò tó ń gbé táyà, ẹ ní kí n má sáà? Ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà lèyí, Màmá Àkíbù, mo fi Kùránì búra!"

"Ọ̀yà ọ̀hún dà?"

Búrẹ́mọ̀ fi ẹnu tọ́ka. "Kọ́ńsítébù yín ti gbé e sẹ́yìn kántà."

Àbdùlàhí bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà. "Ẹ̀rí ni, Màmá. Mo ń tọ́jú ẹ̀rí."

Sàrátù bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀yà ni lóòótọ́, ó sanra, ọta ìbọn ọdẹ wà ní itan rẹ̀. Ẹ̀rí ti fẹ́ di ọbẹ̀. Ó fẹ́ lé Búrẹ́mọ̀ jáde, ọ̀rọ̀ kan ló dá a dúró.

"Kí ni ọlọ́yà ń ṣe lẹ́bàá ahéré dókítà?"

"Ó ní kí n wá mú òun láàárọ̀ yìí ni, Màmá. Ọ̀dọ̀ yín gan-an ló ní òun fẹ́ wá."

"Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lánàá ló bi mí pé ta ló ń di páálí àgbo fún mi gbé lọ sí ọjà Tápà. Mo ní ọ̀gá Babáfẹ́mi ni. Inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, wọ́n á máa polówó ẹ̀ pé oògùn ọpọlọ ni, oògùn rọpárọsẹ̀, oògùn wárápá. Dókítà fọwọ́ lérí. Ó ní bàbá kan mu ún ní Tápà, ó ṣubú, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó kú. Ó ní ohun tí àwọn ò tíì mọ ìwọ̀n ẹ̀ fún eku ni ọmọ yẹn ń rọ fún èèyàn."

Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́. Sàrátù náà fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ló máa lọ sọ fún àwọn tó gbé táyà? Pé ọmọ tí gbogbo wọn ń fi ṣe wòlíì láàárọ̀ yìí ta àgbo? Wọ́n á ní ó ń gbèjà àjẹ́. Pé ó nídìí láti pa á, ìyẹn kò sọ pé òun ló pa á. Ìyá arúgbó ni wọ́n ṣì bá lórí òkú, tòun ti ọmọ odó.

Wọ́n mi géètì níta. Ìdè òkè já.

* * *

Ìyá Ìsmáílà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó gbára lé ògiri. Ojú kan ti wú padé.

"Màmá," Sàrátù kúnlẹ̀. "Ta ló pa dókítà?"

Kò sí ìdáhùn.

"Wọ́n fẹ́ sun yín níná. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́ yín. Ẹ sọ̀rọ̀."

Ìyá náà mi orí. Sàrátù ki aṣọ bọ omi iyọ̀, ó fi lé egbò tó là lórí. Omi iyọ̀ o, lórí egbò tutù! Ẹni tó yadi gan-an á ké. Gbogbo ara ìyá náà gbọ̀n rìrì, omijé bọ́ lójú tó ṣì là, ṣùgbọ́n ẹnu ò là. Sàrátù wá na ọwọ́ sí etí ìró tó dì mọ́wọ́. Ìyá náà já sí i bí ajá, ó fi eyín gbá a ní ọrùn ọwọ́ mú, ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní í gbà á! Mo kàn fẹ́ wò ó ni!"

Eyín tú u sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìka tó ti wú tú kókó náà. Ewé ìyeyè ni. Tútù yọ̀yọ̀, ìrì ò tíì gbẹ tán lára ẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ wò ó títí. Nǹkan kan gbé e padà sí Tápà, sí ọjọ́ tí gìrì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó rí ìyá àgbà tó ń bọ̀ láti oko ní kùtù, ó sáré lọ kúnlẹ̀ kí i, ìyá àgbà sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò bí ìyá ẹ̀. Bí ewé ṣe balẹ̀ sínú odó báyìí, ìyá àgbà yíjú padà, ìgbájú dáhùn: "O fẹ́ kí n ba ewé jẹ́, àbí?" Ewé tí wọ́n ń já fún ẹni tó ń kú lọ, ẹni tó já a kì í fọhùn. Kì í dáhùn ìkíni. Kì í sọ pé yéè. Bó bá fọhùn lẹ́ẹ̀kan péré, ewé ti kú, àfi kó dà á nù kó padà lọ já òmíì. Ohùn ò ní í jáde títí ewé á fi wọ odó.

"Àbdùlàhí! Gbé odó wá!"

"Odó kẹ̀? Ìsinsìnyí ni ẹ fẹ́ gún ata ọ̀yà yẹn?"

"Gbé e wá kí n tó gún ìwọ!"

Odó ata kékeré tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló gbé dé. Ìyá Ìsmáílà da ewé sínú ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ẹnu tó ti di látàárọ̀ wá là, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ gbẹ lọ.

"Ẹ gún un kíá. Ẹ gbé omi ẹ̀ fún un mu. Orí ẹ̀ ti ń wú, ọpọlọ ẹ̀ á bàjẹ́."

"Ta ni, Màmá?"

"Dókítà. Àwọn eku ẹ̀ tó ń kú lọ ni mo já a fún, mo wá bá òun gan-an nílẹ̀, ó ṣì ń mí. Bí mo bá ké, èèyàn á dé, ṣùgbọ́n ewé á kú, eku tó mu ewé nìkan ló sì ń yè, ojú mi ló ṣe. Mo ní kí n kọ́kọ́ gún un. Mo gbé ọmọ odó, wọ́n sì dì mí mú." Ó di ọwọ́ Sàrátù. "Bí Ìsmáílà mi ṣe lọ nìyẹn. Ibà wọ ọpọlọ ẹ̀ lọ, ó kú sórí itan mi. Dókítà ní bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i, ìyá kan ò ní í gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ mi nìyẹn. Ẹ gún un."

Ẹ̀yin ará, agbárí tó ti là kì í ṣe ohun tí ewé ń dì. Sàrátù mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá tó gba pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà láìké, torí kí ọmọ ọlọ́mọ lè yè?

"Màmá, ó ti kú."

Ìyá náà ò sunkún. Ó wo inú odó.

"Ta lẹ pàdé lọ́nà?"

"Babáfẹ́mi. Ó ń bọ̀ láti odò, kóòtù ẹ̀ ń kán tótó. Ó kí mi. Mi ò dáhùn."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa ẹnu dé padà.

* * *

Géètì wó. Ó kọ́kọ́ tẹ̀, ó wá ké kẹ̀ẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa, ó wó lulẹ̀. Àkọ́wọlé wọn gbé gálọ́ọ̀nù dání. Wọ́n bá Inspẹ́kítọ̀ Sàrátù lórí ṣíbábá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú àgọ́, Àbdùlàhí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀; Sàrátù gbé odó ata sábẹ́ apá, ìbọn wà ní ìdí, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú ìnira," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká dá a papọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sun ẹni tó bá jẹ̀bi. Babáfẹ́mi, máa bọ̀ lókè níbí, kí gbogbo ayé rí ẹ. Kí lo gbọ́?"

Babáfẹ́mi gòkè, ó na kóòtù rẹ̀. Ó tún un sọ, ó sì fi kún un. Ó ní ìyá náà ké, ó bú, ó ṣépè, ó pariwo orúkọ dókítà.

"Ẹ gbọ́ ọ," Sàrátù ní. "Ó dáa. Ta ló pàdé Ìyá Ìsmáílà láàárọ̀ yìí nígbà tó ń bọ̀ láti oko?"

"Èmi!" Salome alákàrà ti jáde, ṣíbí àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Mo kí i títí, kò dá mi lóhùn! Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé àjẹ́ ni!"

"Ó kọjá lára tèmi náà!"

"Kò wo ojú mi!"

"Ó ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ wá nà án, nígbà tí ẹ fi pákó gbá a, kí ló sọ?"

Ẹni tó mú pákó fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin mà ni mò ń bi. Ìwọ tí o gbá a ní ìhà, tí egungun dún. Ó ní yéè?"

"Kò... kò sọ nǹkan kan, Màmá."

"Kò kí yín. Kò bẹ̀ yín. Kò ké nígbà tí ẹ ń pa á lọ. Nínú gbogbo abà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohùn ẹ̀." Ó gbé odó sókè, ó dà á díẹ̀ kí wọ́n rí ewé. "Etí ìró ẹ̀ ni mo ti tú èyí. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá, èwo nínú yín ni ìyá àgbà ẹ̀ ò já irú ẹ̀ fún rí? Ẹni tó já ewé yìí tó fọhùn, kí ló ń fi ewé ṣe?"

"Ó ń dà á nù," ohùn bàbá kan ní láti ẹ̀yìn, jẹ́ẹ́.

"Kò dà á nù. Ó gba lílù lórí ẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ pé yéè fún ikú ara ẹ̀, ṣé òun ló máa dúró máa bú dókítà? Babáfẹ́mi, ohùn ta lo gbọ́?"

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú gbogbo wọn kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, ó ń bọ̀ lára kóòtù tó tutù.

"Búrẹ́mọ̀!" Sàrátù pè. "Sọ ti Tápà fún wọn."

Búrẹ́mọ̀ ò tíì sọ dé ìdajì tí Babáfẹ́mi fi gbé ìgò mínírà tó wà lórí fèrèsé, ó fọ́ ọ mọ́ ògiri, ó sì fi ẹnu ẹ̀ fa Àbdùlàhí lójú, ya! láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dà, ó ti fi apá há Sàrátù lọ́rùn, ìgò wà ní ọ̀fun rẹ̀.

"Bí ẹnì kan bá sún mọ́bí, màá dú Màmá Àkíbù bí àgbò!"

"Rọra," Sàrátù fọhùn tipátipá. "Irú ìgò tí bàbá Tápà mu nìyẹn?"

"Mo bẹ̀ ẹ́! Mo bẹ dókítà! Ó ní òun máa fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan kó lè dákẹ́, kò dákẹ́..."

Odó ata ló dá a lóhùn. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni Sàrátù fi gbá a ní àgbọ̀n, kò! eyín fò jáde bí àgbàdo orí ààrò. Ìgò ti fa ilà pupa sí i lọ́rùn, kò wo ìyẹn. Ó tún fi ìdí odó sọ̀ ọ́ ní eékún. Babáfẹ́mi ṣubú láti orí ṣíbábá, ó fi imú wọ́lẹ̀, orúnkún Sàrátù sì ti wà ní ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti délẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ ké kẹ́!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ èrò, ẹ mọ ohun tó kàn. Wọ́n tún gbé táyà.

"Ẹ sun ún! Òun ló tọ́ sí!"

"Ẹni tó bá fẹ́ sun ún, kó kọ́kọ́ da pẹtiróòlù lé èmi lórí," Sàrátù wí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ kọ́là ẹ̀. "Ẹ fẹ́ pa aláìṣẹ̀ ní wákàtí tó kọjá, ẹ wá fẹ́ máa dájọ́ fún mi? Ojú ò tì yín? Ẹ kó gbogbo ohun ìjà yín sílẹ̀ níbí. Gbogbo ẹ̀!"

Ìtìjú lágbára, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹni àkọ́kọ́ ju kùmọ̀ sílẹ̀. Ìkejì ju àdá. Lẹ́yìn náà ló di ṣààààà, irin ń bọ́ lé irin, ó ga dé orúnkún níwájú ṣíbábá. Àbdùlàhí di ojú ẹ̀ mú, ó ṣí sẹ́ẹ̀lì. Ìyá Ìsmáílà jáde, ó ń tiro, ó fọwọ́ di ìhà mú. Salome alákàrà ló kọ́kọ́ wólẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè yín ní àjẹ́." Ọmọkùnrin tó gbé táyà dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ìkókó. Ìyá náà fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rìn bọ̀ láàárín wọn.

Inspẹ́kítọ̀ Sàrátù fa Babáfẹ́mi dìde lórí ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí èémí jáde láyà òun. Wọn ò ní í sun ẹnì kankan lónìí. Ìyá yìí máa sùn sílé ara ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa pè é ní apààyàn láyé.

Ìyá Ìsmáílà dé ibi òkìtì ohun ìjà, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé bàtà, àdá tó gbé sókè sì ti wọ ọrùn Babáfẹ́mi dé egungun.